Ṣé àgbo kan náà lè gbé àjẹsára ró, kó sì tún pa wíwú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìyá mi, ẹni 70 ọdún, ń mu àgbo ata ilẹ̀ pupa, ewúro àti ẹfinrin nítorí orúnkún wọn tó ń wú. Lẹ́kúlẹ́jà tó ń tà á fún wọn ní ó ń gbé àjẹsára (agbára tí ara fi ń bá àrùn jà) ró, ó sì ń pa wíwú. Dókítà sì ti fún wọn ní àsípírìn kékeré fún ọkàn wọn. Ṣé ohun méjèèjì tí lẹ́kúlẹ́jà náà sọ lè jẹ́ òótọ́? – Ọmọ Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Nígbà tí igi bá gún wa lẹ́sẹ̀, tàbí tí kòkòrò àrùn bá wọ ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì àjẹsára tó wà nítòsí máa ń tú àwọn èròjà jáde tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí omi jò sínú ẹran ara, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn sì rọ́ wá síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú ibẹ̀ fi ń wú, tó ń gbóná, tó sì ń ro ni. Iṣẹ́ àjẹsára gan-an ni wíwú. Ẹni tó bá ní òun ń pa wíwú ti gbà pé òun ń dá àjẹsára lọ́wọ́ kọ́ níbì kan. Èyí kò burú fún orúnkún àgbà tó ń wú láìsí àrùn tó ń bá jà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní gbígbé àjẹsára ró.

Àsípírìn ìyá yín pàápàá tan mọ́ ewéko. Láti ara èròjà inú èèpo igi willow ni ìmọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀; ní 1897 ni onímọ̀ kẹ́míkà Felix Hoffmann ṣe é ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, ní 1971 sì ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Vane fi hàn pé ṣe ló ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe prostaglandin, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó ń fa wíwú àti ìrora. Curcumin, tó ń fún ata ilẹ̀ pupa ní àwọ̀ rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn: ó ń dí NF-κB lọ́wọ́, ìyẹn purotéènì tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó ṣe èròjà wíwú. Nínú àwo ìwádìí ni èyí ti hàn kedere jù. Nínú ikùn ènìyàn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí curcumin kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ìfun kì í gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ń yára lé e jáde. Àgbo tí a fi omi lásán sè kò lè kó púpọ̀ nínú rẹ̀; epo tàbí ọtí ló ń fà á jáde dáadáa (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí èyí fún ìyá àgbà ní ọtí). Èròjà kan tí à ń pè ní piperine ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì wà nínú ìyèré tí a ń fi sínú ọbẹ̀. Ti ẹfinrin tún yàtọ̀: eugenol, èròjà olóòórùn inú rẹ̀, máa ń bá ooru lọ, nítorí náà bí òórùn àgbo bá gba gbogbo àgbàlá, ohun tó yẹ kó wà nínú ìkòkò ti ń jáde nìyẹn. Ní ti ewúro, ara eku àti inú àwo ìwádìí ni púpọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rí rẹ̀ ti wá.

Ohun tó kàn mí jù ni àsípírìn yẹn. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, curcumin náà sì lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbo náà fún dókítà, ẹ má sì dá àsípírìn dúró fúnra yín. Bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àgbo làkúrègbé tó bá ń mú ìrora lọ láàárín ọjọ́ kan péré. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé wọ́n po dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń pa wíwú, mọ́ irú rẹ̀ láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Àwọn wọ̀nyí ń rẹ àjẹsára sílẹ̀ gidigidi, wọ́n ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè mú kí ojú wú roboto. Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti mu irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti dá a dúró, nítorí dídá a dúró lójijì lè ṣekú pani.