Ìlú tó o gbà lógun nínú géèmù: má pa orúkọ ẹni tó ni ín rẹ́

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní ò ń ṣe géèmù ogun kan tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́-lọ́wọ́ bí ẹni ń ta ayò, pé tẹ́ni tó ń gbá a bá ti gba ìlú kan, ọwọ́ mélòó ló yẹ kó kọjá kí ìlú yẹn tó máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Màá dá ẹ lóhùn, àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, torí ibi tó o wà yìí gan-an lèmi náà há sí fún bí oṣù mẹ́rin, tí ìyàwó mi ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ ni àbí àìsàn.

Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mò ń gbé. Godot, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni mo fi ń ṣe tèmi, torí ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó. Ìlú méjìdínlógún ló wà lórí máàpù. Bó o ṣe máa ya máàpù àti bí ọmọ ogun á ṣe máa rìn, ìyẹn ò le, fídíò ẹ̀ kún YouTube, lọ wò ó.

Ohun tó kọ́kọ́ kàn mí lábùkù rèé. Fún ìlú kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan ṣoṣo ni mo kọ sílẹ̀: oní_ìlú. Togun bá wọlé, mo pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo kọ ti ẹni tó wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́, inú mi ń dùn. Mo wá gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó gbá a. Ọ̀tá gba ìlú ẹ̀ tó tóbi jù, ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ kógun wá, wọ́n lé ọ̀tá jáde, ọmọ fò sókè, ló bá tún wo máàpù, ìlú ti di tọ̀rẹ́! Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹni tó bá báni lé olè ló ń jogún ilé ni?” Mi ò rí nǹkan sọ. Géèmù ò mọ̀ pé ẹnì kankan ti ni ìlú yẹn rí.

Torí náà, nǹkan mẹ́ta ni kó o máa kọ fún ìlú kan: ẹni tó ni ín, ẹni tí ọmọ ogun ẹ̀ wà níbẹ̀ báyìí, àtàwọn tó ń gbé inú ẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù Europa Universalis IV ní 2013 mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, tó o bá wọ ìlú ẹni, ìwọ lo wà níbẹ̀ o, àmọ́ tẹni tó ni ín ṣì ni títí ẹ ó fi jókòó àlàáfíà, lẹ́yìn àlàáfíà gan-an o ṣì máa ná lára agbára ìṣàkóso ẹ kó tó di tìẹ pátápátá, tó o bá sì gbé èyí tó ju ọ̀fun ẹ lọ mì, tí ìwọ̀n ohun tó o gbà tí kò tíì di tìẹ pátápátá kọjá 100, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú mọ́ ẹ lórí. Ọdún méjì ni mo fi gbá a tí mi ò bi ara mi pé kí ló dé tí wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti àwọn tó ń gbé inú ìlú ló wá dùn mí jù. Nínú géèmù Civilization V, ti 2010, tó o bá gba ìlú, wọ́n á bi ẹ́ bóyá wàá mú un wọ ilé ẹ, tàbí wàá fi í sílẹ̀ kó máa ṣe tiẹ̀ lábẹ́ ẹ, tàbí wàá jó o. Jíjó yẹn ń gba àsìkò, ẹni kan ń dín nínú iye àwọn ará ìlú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi parẹ́. Èmi tí mò ń kánjú, queue_free, àṣẹ Godot tó ń pa nǹkan rẹ́ pátápátá, ni mo kàn kọ, ìlú lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ha! Oníṣòwò tó ń lọ síbẹ̀ dúró sójú ọ̀nà, géèmù kú. Ọmọ ogun tó ti ibẹ̀ wá fẹ́ gbowó oṣù, géèmù kú. Mo ń lẹ “tó bá ṣì wà” mọ́ ibi bí ogójì nínú kóòdù, bí mo ṣe ń lẹ ìkan nìkejì ń ya.

Èmi tí mò ń gbé Kétu o! Ní 1886 àwọn ọmọ ogun Glèlè ọba Dàhòmì gba Kétu, wọ́n jó o, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómè, olú ìlú Dàhòmì. Ẹni tó bá wo máàpù nígbà yẹn á ní ó tán. Oṣù kọkànlá 1892 làwọn Faransé wọ Àgbómè, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dìde, wọ́n ń bọ̀ nílé, nígbà tó máa fi di 1894 Alákétu tuntun ti wà lórí ìtẹ́. Ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà ṣì dúró síbẹ̀ dòní, iwájú ẹ̀ ni zém, ọ̀kadà tiwa, máa ń gbé mi kọjá, mo sì délé mò ń fi queue_free pa ìlú rẹ́. Mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ní báyìí ìlú kì í kú nínú géèmù mi, iye èèyàn ẹ̀ ló ń di òfo, mo sì ń kọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ sílẹ̀. Tí olú ìlú ẹni tó kó wọn bá wó, wọ́n á padà. Ìyẹn làwọn tó ń gbá a fẹ́ràn jù, torí ẹni tó bá kó ẹrú púpọ̀ ò lè sùn mọ́.

Kí n má tíì gbàgbé, máa tọ́jú fáìlì sí ibi méjì. Má bi mí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ ló wá kù, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ẹ̀ kọ géèmù sílẹ̀. Òfin mi rọrùn: ìbínú ìlú, tó bá pé ọgọ́rùn-ún, ìlú ṣọ̀tẹ̀. Aládùúgbò kọ̀ọ̀kan tó bá ń ṣọ̀tẹ̀ ń fi mẹ́wàá kún un. Ọmọ ogun tó o bá fi síbẹ̀ ń yọ márùn-ún. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Síbẹ̀ bí ìlú kan bá ti ṣọ̀tẹ̀ báyìí, ó tán nìyẹn, kò ní padà mọ́ láé, kó ọmọ ogun dà síbẹ̀ bí òjò, kò tó ọwọ́ mẹ́wàá gbogbo máàpù ti gbóná. Mo ní orí burúkú ló ń bá mi jà, mo yí nọ́ńbà ibẹ̀, kò gbọ́. Mo sọ mẹ́wàá di méje, kò gbọ́, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Ìgbà yẹn ni mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ méjì, 15 000 sẹ́fà, láìka owó ọkọ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ya ìlà wíwọ́ sójú pátákó, ó ní ìlú kan gbọ́dọ̀ ní oríṣi nọ́ńbà mẹ́sàn-án: ẹ̀sìn, èdè, oúnjẹ, kí ni kí ni. Mo fi kóòdù mi hàn án, kò wò ó, ó ní ìṣòro mi ni pé mi ò ní “ìran gbogbogbò”. Mo bi í pé géèmù wo lẹ ti ṣe tán rí, ó ní ká lọ mu tíì. Mi ò sọ pé kó o má lọ kẹ́kọ̀ọ́ o, ṣáà bèèrè ohun tẹ́ni náà ti ṣe kó o tó sanwó.

Nǹkan tó yọ mí ni ìwé àjákọ ọmọ mi. Iná ti lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mò ń kọ ìbínú ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlú kan wà lórí erékùṣù, kò ní aládùúgbò rárá, ìṣákọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ló mú un ṣọ̀tẹ̀. Mo fọmọ ogun síbẹ̀, mo yọ ìṣákọ́lẹ̀, ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀. Mo kọ 100, 105, 110. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ sí èyí létí, nígbà tí kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Àṣé òun fúnra ẹ̀ ni! Kóòdù tó ń wá aládùúgbò ń mú gbogbo ìlú tí kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ, ìlú sí ara ẹ̀ sì jẹ́ òfo ìgbésẹ̀. Ìlú ti wà nínú aládùúgbò ara ẹ̀. Ó ń fi mẹ́wàá kún ìbínú ara ẹ̀, ọmọ ogun ń yọ márùn-ún. Ìlà kan ni mo fi tún un ṣe, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ya ìbẹ̀rù àwọn ará ìlú kúrò lára ìfaramọ́ wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe gbà ẹ́ tọkàntọkàn tó. Géèmù Hearts of Iron IV náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2020, ọ̀tẹ̀ ní nọ́ńbà tiẹ̀, ìfaramọ́ ní tiẹ̀, tó o bá le mọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀tẹ̀ á rọlẹ̀ àmọ́ ìfaramọ́ ò ní tètè dàgbà. Mo wá fi ajẹ́lẹ̀ kún un, ẹni tí wọ́n fi sí ìlú tí wọ́n gbà kó máa ṣàkóso ẹ̀, èèyàn gidi tó lórúkọ, tó lè jẹun jù. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló jẹ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà títí ó fi dogun Kírìjì, wọ́n fọwọ́ síwèé àlàáfíà ní 1886, àgọ́ ogun ò sì tú títí di 1893. Tí ajẹ́lẹ̀ nínú géèmù ẹ kò bá lè jalè, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?

Àti pé má lo orúkọ ìlú tó wà lóòótọ́ fún ẹni burúkú. Aládùúgbò mi kan, Fọ̀n ni, ẹ̀yà tó ni Dàhòmì, bá mi gbá a, ó rẹ́rìn-ín, ó ní “ẹ̀yin lẹ máa ń jẹ́ ẹni rere nínú géèmù yín ṣá”. Ó ń ṣeré, àmọ́ mi ò sùn dáadáa. Mo yí gbogbo orúkọ padà. Yíyí orúkọ yẹn tiẹ̀ tún gbà mí lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan tó ní kí n mú ìwé mẹ́ta tó ní òǹtẹ̀ wá kí n tó ya fọ́tò ògiri àtijọ́.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè ẹ. Ọwọ́ mẹ́jọ ni tèmi: mẹ́ta àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ó san ìdá kan nínú mẹ́rin, méjì ó san ìdajì, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀, tí ìfaramọ́ bá ti dé 50. Tí kò bá tíì dé 50, kó dúró sórí ìdajì. Àmọ́ géèmù tèmi ń lọ tó 160 ọwọ́. Tí tìẹ bá jẹ́ 60, ọwọ́ mẹ́ta ti tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó ń gbá a á ti sú. Sì fún ẹni tí wọ́n gbàlú ẹ̀ ní nǹkan ṣe. Nínú ayò, tí ilé ẹnì kejì bá ṣófo, dandan ni kó o ta ọmọ sí i tó o bá lè ta á débẹ̀. Nínú tèmi, àwọn ará ìlú tí wọ́n gbà ṣì ń ránṣẹ́ sí ọba wọn àtijọ́ ní bòókẹ́lẹ́, ó ń mọ iye ọmọ ogun tó wà níbẹ̀.

Tí ọ̀tẹ̀ bá ń ṣe ségesège nínú géèmù ẹ, ibi tó o ti ń wá aládùúgbò nìkan ni kó o kọ ránṣẹ́, má kó gbogbo kóòdù wá o. Iná ò tíì dé, bátìrì mi wà ní 11.