Èsì: Gbígbé tòkunbọ̀ láti Èkó dé Kàbà

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kún o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ wa ọkọ̀ tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà kúrò ní èbúté Tin Can wá sí Kàbà, àbí kí ẹ háyà tírélà. Ẹ jọ̀ọ́, tírélà ni. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lórí omi, bátìrì rẹ̀ lè ti kú, táyà rẹ̀ lè ti gbó láì hàn sójú. Kì í ṣe ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ fi nọ́ńbà chassis tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo 17 rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbé òmíràn gba Kùtọnu wọlé fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Láti 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ dídè ọkọ̀ mọ́ tírélà ló ká mi lára jù. Ṣéènì ni wọ́n fi de tèmi mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó fi délé, irin tó ń darí táyà ọ̀tún ti tẹ̀, mo sì sunkún owó àtúnṣe rẹ̀. Bẹ́líìtì ni kí wọ́n fi de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ tó jẹ́ kó gbéra, ẹ ya fọ́tò gbogbo ara ọkọ̀ lójú dírẹ́bà. Ẹ san ìdajì owó tírélà l'Ékòó. Ó dìgbà tí ẹ bá yẹ ọkọ̀ wò ní Kàbà, lójú ọ̀sán, kí ẹ tó san ìyókù.