Orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Rẹ́gísírì ni èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó ní 2009. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ilé wa ní Akóbọ̀. Èmi ni mo ra búlọ́ọ̀kù àti páànù, àmọ́ orúkọ ọkọ mi nìkan ló wà lórí ìwé. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn báyìí, mo sì gbọ́ pé ó ń wá ẹni tó máa ra ilé náà. Ṣé mo ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ní ẹ̀tọ́, ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Akátá ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ wá rà á.

Kí lọ́ọ́yà yín kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, pé ẹ ní ìpín nínú ilé náà, kí ẹni tó bá lọ yẹ ìwé wò lè bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ gíga, kó sì bẹ adájọ́ lọ́jọ́ kan náà pé kó fi àṣẹ dá títà ilé dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti tẹ ọkọ yín lọ́wọ́, ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ìyẹn, ẹjọ́ ló rà. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ó lè lé oníbàárà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe àṣẹ kóòtù.

Ẹ má lọ sí kóòtù kọ́kọ́kọ́ o. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ń tú ká níbẹ̀. Wọn kò lágbára lórí ti rẹ́gísírì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ìgboro tó wà níkàáwọ́ gómìnà kò sí lọ́wọ́ wọn.

Abala 72 nínú òfin Matrimonial Causes Act ti 1970 ló fún adájọ́ láyè láti pín dúkìá bó bá ṣe tọ́ fún tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ̀rọ̀ ilé náà sínú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀ nìkan, tí wọ́n á wá máa retí ilé, adájọ́ kì í sì í fúnni ní ohun tí a kò béèrè.

Ẹ̀rí ló ń gbé èèyàn ṣubú jù. Nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1992, ọkọ ti ta ilé, ìyàwó sì kọ̀, kò jáde fún ẹni tó rà á, ó ní òun dá owó sí kíkọ́ rẹ̀. Ó pàdánù, torí kò lè sọ ní pàtó ohun tó dá àti iye tó jẹ́. "Mo ran ọkọ mi lọ́wọ́" kò tó. "Oṣù kẹta 2014, búlọ́ọ̀kù 600, sìmẹ́ǹtì 80 àpò, rìsíìtì rẹ̀ nìyí, bíríkìlà tó gbà á lọ́wọ́ mi náà nìyí" ni adájọ́ fẹ́ gbọ́.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Rìsíìtì POS tètè máa ń ṣá, á kàn di ìwé funfun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì àwọn ọdún yẹn ní báńkì, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ àkáǹtì ọkọ yín láìsí àlàyé, lọ́ọ́yà rẹ̀ á ní owó ọbẹ̀ ni. Èyí tó lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù tàbí onípáànù ló lágbára jù. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp jáde, ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 béèrè gbọ́dọ̀ bá a rìn, èyí tó ń sọ ẹ̀rọ tó ti jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láìsí i, wọ́n lè dà á nù.

Ẹ má sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé o, ẹ má sì fi ipá kó ẹrù ọkọ síta. Ẹ̀yin lẹ máa di ẹlẹ́bi níwájú adájọ́.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni mo wà, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Owó mi la fi ra ilé ní Ṣágámù, àmọ́ orúkọ ìyàwó mi ni mo ní kí wọ́n kọ síwèé. A ti ń kọ ara wa sílẹ̀ níbí. Ṣé ilé ti lọ nìyẹn? — Bàbá Tóbi

ÌDÁHÙN: Bí ọkọ bá ra dúkìá sórúkọ ìyàwó, ohun tí òfin kọ́kọ́ máa gbà ni pé ó fi ta á lọ́rẹ. Ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹ sì sọ nígbà tí ẹ ń rà á ló wúlò, kì í ṣe ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn ìjà. Ẹ wá àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ti sọ pé torí ẹ kò sí nílé lẹ ṣe ní kí wọ́n lo orúkọ ìyàwó yín.

Ní kóòtù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ ní, níbikíbi tó bá wà láyé, sínú Form E. Bí ìyàwó yín bá fo ilé Ṣágámù, ẹ gbé ẹ̀rí rẹ̀ kalẹ̀. (Bí ẹ bá ní ilẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹ kọ tiyín náà o.) Àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù nìkan kò lè yí orúkọ padà nínú ìwé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí náà ẹ ní kí lọ́ọ́yà bẹ adájọ́ pé kó ka ilé náà mọ́ ìpín ìyàwó yín, kó sì fi ohun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, bí owó báńkì tàbí owó ìfẹ̀yìntì, dí i fún yín. Ìyẹn yá ju kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mìíràn ní Ṣágámù.