Olóṣèlú fẹ́ fún ẹgbẹ́ Linux yín ní kọ̀ǹpútà? Ohun tójú wa rí ní Ṣómólú rèé

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní káńsẹ́lọ̀ kan fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá àti jẹnẹrétọ̀ wá fún ẹgbẹ́ yín tó ń lo Linux (ètò olómìnira tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè kọ ọ́ sínú láísẹ́ǹsì yín, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò, pé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ò gbọdọ̀ lo sọ́fítíwià tẹ́ ẹ kọ.

Ẹ ò lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá kọ irú ẹ̀ sí i, kì í ṣe sọ́fítíwià olómìnira mọ́ nìyẹn. Nínú òmìnira mẹ́rin tí Free Software Foundation, tí Richard Stallman dá sílẹ̀ ní 1985, là kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi òdo kà ló ṣíwájú: kí ẹnikẹ́ni lo ètò náà fún ohun yòówù tó bá wù ú. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, gbájúẹ̀ wà níbẹ̀, alága wọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀. (Èdè tiwa ò tiẹ̀ níṣòro níbí o. Òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", pe ọ̀fẹ́ àti òmìnira, àlàyé ẹ̀ ò sì tíì tán lẹ́nu wọn títí dòní.)

Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù fún yín. Jẹ́ n sọ tèmi.

Ọdún 2018 ni, ìdìbò 2019 ò jìnnà mọ́. Àwa mọ́kànlá là ń pàdé ní Ṣómólú ní gbogbo Sátidé. A máa ń ra àlòkù kọ̀ǹpútà ní Computer Village, a ó fi Debian, oríṣi Linux kan, sí i, a ó fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. A kọ ètò kékeré kan tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣírò máàkì, a gbé e jáde lábẹ́ GPL, láísẹ́ǹsì sọ́fítíwià olómìnira kan. Ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú kan gbọ́, ló bá kó kọ̀ǹpútà alágbèéká méjìlá dé. "Ẹ̀bùn lásán ni o, ọ̀gá ò fẹ́ nǹkan kan." Sátidé àkọ́kọ́, bánà kékeré kan. Sátidé kejì, fọ́tò ọ̀gá ti wà lójú gbogbo kọ̀ǹpútà. Sátidé kẹta ló ní òun nílò orúkọ àwọn ọmọ, nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wọn, àti, gbọ́ o, nọ́ńbà káàdì ìdìbò. Akọ̀wé wa kó gbogbo ẹ̀ fún un. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni, mo wà níbẹ̀. Mò ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, mo gbọ́, mi ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dìbò, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù àwọn òbí, torúkọ torúkọ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bárígà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ó na fóònù sí mi lójú: "Ṣé torí kẹ́ ẹ lè tà mí lẹ ṣe ní kọ́mọ mi máa wá ní Sátidé?" Ìyá mi ń wò mí. Mo ṣàlàyé títí, ó kàn ń mi orí. Ọmọ ẹ̀ ò padà wá mọ́, ọmọ yẹn ló sì mọ Python, èdè tá a fi ń kọ ètò, jù nínú wọn. Mẹ́ta nínú wa tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì bínú lọ. Àwa tó kù ń fura síra wa: ta ló gbowó? Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lọ́yà wa ńkọ́? Ó ti gba owó lọ́wọ́ wa ṣáájú, ó ní tá a bá ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò séwu. Ìwé jáde, a wò ó: ọmọ ẹ̀yìn yẹn wà lára àwọn tọ́rọ́sítì (àwọn tí ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn lábẹ́ òfin), torí òun ló san owó tó kù. Lọ́yà ò rí ohun tó burú níbẹ̀! Dóméènì wa (orúkọ ojú òpó wa) náà, ímeèlì tiẹ̀ ló fi rà á, "kó lè yá". Ìdìbò parí, ojú òpó wa di òfìfo. Kọ́ọ̀dù wà nínú git, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kọ́ọ̀dù, lórí kọ̀ǹpútà olúkúlùkù wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi gbé e síbòmíràn. GPL ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Kò sí láísẹ́ǹsì tó mọ orúkọ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kankan.

Ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin rẹ̀, CAMA 2020, àkáǹtì olùbuwọ́lù mẹ́ta, pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ èèyàn méjì: ìyẹn ò le, ẹ ṣe é. Tó bá béèrè orúkọ, ẹ ka òfin ààbò dátà 2023 sí i létí. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ńkọ́, ta ni yóò máa ra epo sí i?

Má sì dá àwọn tó ń sọ pé òṣèlú ò kàn wá lóhùn. Munich ní Jámánì pinnu ní 2003, nígbà tí Christian Ude jẹ́ olórí ìlú, pé àwọn ń fi Windows sílẹ̀ fún Linux. Dieter Reiter gorí àlééfà, ẹgbẹ́ òṣèlú SPD kan náà làwọn méjèèjì wà o, ìgbìmọ̀ ìlú sì dìbò ní 2017 pé ká padà sí Windows. Lọ́dún yẹn kan náà ni Free Software Foundation Europe bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí kò ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn: kọ́ọ̀dù tí wọ́n bá fowó ìlú kọ, kó jẹ́ ti ìlú. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín dípò jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ wá wo ojú ẹ̀.

O ò tiẹ̀ béèrè bóyá kẹ́ ẹ gba kọ̀ǹpútà náà. Èmi ò ní gbà á. Àmọ́ dá mi lóhùn ná: ìwé tẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, ọwọ́ ta ló wà báyìí?