Ẹjọ́ Tab kọ́, ẹjọ́ Enter ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí Word ni mo ti ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìgboyè mi. Alábòójútó mi ní kí ìlà kìíní ìwé ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan wà létí, kí àwọn ìlà yòókù wọlé díẹ̀. Mo fi Tab tì wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gún régé. Àfi bí mo ṣe yí ìwọ̀n lẹ́tà padà tí gbogbo rẹ̀ dàrú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo mọ̀ pé Tab lẹ ń bínú sí, àmọ́ Enter ló fà á. Ẹ ti tẹ Enter níparí ìlà kìíní kí ẹ tó fi Tab ti ìlà kejì wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú Word, Enter ni pé ìpínrọ̀ ti parí. Ìwé ìtọ́kasí onílà mẹ́ta ti di ìpínrọ̀ mẹ́ta. Nígbà tí lẹ́tà wá tóbi sí i, ìlà kìíní ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́: ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn já sísàlẹ̀, ó dá dúró létí ìwé bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Enter yín ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lé ìyókù lọ sórí ìlà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+8, àwọn àmì tó fara pamọ́ á yọjú: Enter á hàn bíi ¶, Tab á hàn bí ọfà kékeré. Ibikíbi tí ¶ bá ti wà láàárín ìwé ìtọ́kasí kan, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹ má wulẹ̀ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan àkójọ ìtọ́kasí náà nìkan, ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ kọ ^p^t (ìyẹn Enter tí Tab tẹ̀ lé) sínú Find what, ẹ fi àlàfo ẹyọ kan sínú Replace with, kí ẹ wá tẹ Replace All. Word á bi yín bóyá kí òun ṣe ìyókù ìwé náà pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, No ni kí ẹ tẹ̀! Bí ẹ bá tẹ Yes, gbogbo ìpínrọ̀ tí ẹ fi Tab bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní ni yóò lẹ̀ mọ́ra wọn. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, Ctrl+Z ni kí ẹ sáré tẹ̀.

Ní báyìí tí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan ti padà di ìpínrọ̀ kan, ẹ tún yan gbogbo wọn, ẹ tẹ Ctrl+T lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí wọ́n ń pè ní hanging indent nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, Ctrl+Shift+T á dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n á ṣí fèrèsé Paragraph, á mú Hanging lábẹ́ Special, á sì kọ ínṣì 0.5, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1.27. Ìwọ̀n tí APA àti MLA, àwọn ìlànà ìkọ ìtọ́kasí, ń fẹ́ nìyẹn. Fèrèsé yìí náà lẹ ti máa fi àlàfo ìlọ́po méjì sáàárín ìlà, ẹ má fi Enter òfìfo ṣe é.

Bí hanging indent yìí ṣe wúlò ni pé orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé nìkan ló ń yọrí síta, tí ẹni tó ń wá a á kàn máa fi ojú sọ̀kalẹ̀ létí ìwé.

Lórí Google Docs, ẹ má dán Ctrl+T wò, tàbù tuntun ni bíráwúsà á ṣí fún yín. Ẹ gba Format, Align & indent, Indentation options, kí ẹ mú Hanging. Ti LibreOffice máa ń ya èèyàn lẹ́nu: 1.27 lẹ máa kọ sí Before text, ẹ ó wá kọ -1.27 sí First line. Àmì ìyọkúrò yẹn ló ń fa ìlà kìíní padà sétí.

Ohun kan ṣì kù tó máa dán yín wò. Bí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan bá gùn, Word lè gbé e lódindi lọ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, kí àyè funfun gbọọrọ ṣẹ́ kù lókè. Ọwọ́ á máa yún yín láti tẹ Enter sáàárín rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. APA gbà á, ìjápọ̀ náà ò sì ní já.