Ẹ Bi Ìyá Olówùú: Ehoro Méjì Tí Kò Dọ́gba

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olówùú. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mò ń gbé. Mo bí ìbejì, wọ́n ti pé ọmọ ọdún méjì, mo sì fi òwú hun ehoro kọ̀ọ̀kan fún wọn. Òwú funfun tí mo kì sí ehoro nínú ń yọjú síta. Ìwé kan náà ni mo wò tí mo fi hun méjèèjì, síbẹ̀ ti Kẹ́hìndé tóbi ju ti Táyé lọ. Táyé ti rí i, ilé ò rọgbọ mọ́. Ìyá ọkọ mi náà tún ní òun ò fẹ́ rí ọmọlangidi lọ́wọ́ ìbejì. Ẹ gbà mí. — *Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí n bí yín lọ́mọ, àmọ́ ẹni tó bí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "ẹ" ni n ó máa pè é.

Òwú ń yọjú nítorí pé ìwọ̀ kòróṣé yín, irin ẹlẹ́nu kíkọ́ tí ẹ fi ń hun ún, tóbi jù. Lára bébà tí wọ́n fi wé òwú, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé kí a fi ìwọ̀ mílímítà 4 hun ún. Wọn ò parọ́, fìlà ọmọ tuntun àti ṣọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rò, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ rọ̀. Ẹran ìṣeré kò gbọdọ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 2.5 tàbí 3 hun ún. Àtàǹpàkò á ro yín lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ara á wá gbà á. Kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ gbé ìwọ̀nba tí ẹ ti hun sójú fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gbabẹ̀ kọjá bí asẹ́ ògì, ẹ tú u.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi fún ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá ti ki ìwọ̀ bọ inú ojú ìhun, ẹ má lọ́ òwú mọ́ ọn lórí. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀ gba orí òwú kọjá, kó fi ẹnu ha á látòkè, kó sì fà á wá. Ojú tó bá jáde á dábùú ara wọn bí àgbélébùú kékeré, á fún pinpin, òwú inú ò ní ríbi yọ. Ẹ sì wò ó bóyá inú lẹ yí síta: ẹ̀yìn iṣẹ́ máa ń ní ìlà kéékèèké tó dùbúlẹ̀, ojú iṣẹ́ kì í ní in.

Ti àìdọ́gba wá kù. Ìwé lè jẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ kì í jẹ́ ọ̀kan lójoojúmọ́. Mo ní ẹfọ̀n olówùú kan nílé tí mo lè fi ìka tọ́ka sí ìyípo tí mo hun lọ́jọ́ tí bébà owó iná dé. Ó le bí okùn kànga. Ẹ má hun ehoro kan tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹ hun orí àkọ́kọ́, ẹ hun orí ìkejì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ tó kan ara. Kí ẹ sì máa ka ojú ìhun. Mẹ́fà la fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú òrùka tí a fi òwú ká, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà 18, lẹ́yìn náà 24. Mẹ́fà mẹ́fà tó ń gorí ara wọn yìí ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá gbàgbé láti fi kún un, á ká sókè bí igbá. Bí ẹ bá sì fi kún un jù, etí rẹ̀ á máa jó wẹ́liwẹ́li bí etí ìró. Nítorí pé à ń yí po láìdúró ni, kò sí ibi tí ìyípo kan ti parí tí ojú lè rí. Èmi máa ń fi okùn pupa kan há ojú àkọ́kọ́, mo sì ń gbé e gòkè bí mo bá ti yí i ká. Ọmọ tó bá bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó dé ibi okùn pupa, kò ní gbọ́ èsì.

Ó sì lè jẹ́ òwú ìkìnú ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹran tí a bá kì jù máa ń nà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pín òwú náà sí òkìtì méjì tó dọ́gba, kí òkìtì kọ̀ọ̀kan ní ẹran tirẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, mi ò ní bá màmá jà. Nílẹ̀ wa, bí a bá gbẹ́ ère fún ìbejì, ẹ mọ ẹni tí à ń gbẹ́ ẹ fún: èyí tó ti padà lọ. Ehoro kì í ṣe ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí tiyín bá wọ ṣòkòtò tó sì fẹsẹ̀ méjì dúró, mo rí ohun tí màmá rí. Ẹ hun ẹdun. Ṣebí ẹdun la fi ń ki ìbejì? Ẹdun méjì, kí ẹ má wọ aṣọ fún un, kó fẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, ìrù rẹ̀ kó gùn ju ara lọ. Ara rẹ̀ dúdú, irun funfun yí ojú rẹ̀ ká, itan rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ náà funfun. Ẹ fi han màmá kí ẹ tó fún àwọn ọmọ. Mo rò pé òun gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ oríkì.

Àmọ́ òwú dúdú le láti hun, torí ojú rẹ̀ kì í hàn. Ọ̀sán ni kí ẹ máa hun ún, lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí itan. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba abẹ́ wá, ẹ óò rí ihò tí ìwọ̀ fẹ́ wọ̀. Ẹ má dán an wò lábẹ́ gílóòbù.

Ẹyinjú ńkọ́? Òwú ni kí ẹ fi ya á, ẹ má lo bọ́tìnì, ẹ má lo ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù sọ ọ́ di òfin pé ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé oṣù 36 kò gbọdọ̀ ní nǹkan kékeré tó lè já, mo sì gbà pẹ̀lú wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ti rán bọ́tìnì mọ́ ojú ológbò kan rí fún ọmọ ọmọ mi. Mo fi òwú ìránbàtà rán an, mo fà á, kò mira. Lọ́sẹ̀ kejì mo rí ọmọ náà lórí ẹní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ń lọ sókè sódò. Mo rò pé ẹ̀pà ni. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ojú ológbò ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, itọ́ bò ó, ihò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo. Òwú ò já, eyín ló gé e. Mi ò tíì rán bọ́tìnì mọ́ ohun ìṣeré ọmọdé láti ọjọ́ náà.

Ẹ ǹlẹ́ mà. Ọmọkùnrin ni mí, ọmọ ọdún 17, Kétu ni mo wà. Mo rí àwọn ẹran olówùú yìí lórí fóònù, ó wù mí kí n máa ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní iṣẹ́ obìnrin ni. Owó òwú náà ò sí. Kí ni kí n kọ́kọ́ hun? — *Ọmọ Kétu*

Ọmọ mi, bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ léèrè pé ta ló ń jókòó sídìí òfì, ta ló sì ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá bàbá wọn. Ìyẹn ti tó. Amigurumi tí o máa ń rí lórí fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànù ni: "ami" ni híhun, "nuigurumi" ni ọmọlangidi tí a ki nǹkan sínú rẹ̀.

Ní ti òwú, lọ sọ́dọ̀ àwọn onídìrí. Òwú tí wọ́n fi ń di irun yẹn ṣeé hun, ajẹkù rẹ̀ sì máa ń wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí o bá fẹ́ púpọ̀, wá súwẹ́tà ògbólógbòó nínú òkìrìkà. Yí inú rẹ̀ síta kí o tó sanwó. Bí ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣeé tú lọ́tọ̀, tí aṣọ kọ̀ọ̀kan sì ní etí tirẹ̀, rà á. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ tí wọ́n sì fi òwú wé e, fi sílẹ̀; bí o bá tú u, ègé kéékèèké ni wàá máa kó jọ. Apá ọrùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Òwú náà á ká kókó bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Wé e mọ́ ẹ̀yìn àga, dè é níbi mẹ́rin, rì í sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣàn án, kí o gbé e kọ́ síbòòji, kí o so nǹkan tó wúwo díẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tó bá fi gbẹ, ó ti nà.

Òwú àràbà ni wàá rí kì sínú rẹ̀ láìnáwó púpọ̀. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀, àmọ́ yọ kóró rẹ̀, fi aṣọ bo imú, má sì ṣe é nítòsí ààrò nítorí iná máa ń tètè mú un. Bí a bá fọ ẹran tí a fi í kì, ó máa ń dì pọ̀. Èyí tí wàá tà, tú ìrọ̀rí pólísítà, kí o fi inú rẹ̀ kì í.

Ejò ni kí o kọ́kọ́ hun. Ìwọ tó ń rí ejò lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe rẹ̀. Ojú 6, lẹ́yìn náà 12, kí o wá máa yí po lórí 12 láìfi kún un, láìyọ kúrò, títí yóò fi tó gígùn apá rẹ. Máa kì í bí o ti ń lọ, torí bí ó bá gùn tán, ọwọ́ ò ní dé ìsàlẹ̀. Àṣìṣe pọ̀ lára ejò tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Ti orí ehoro ò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Olówùú, àwọn oníbàárà ní ẹran mi wọ́n. Èló lẹ̀ ń ta tiyín? — *Aránṣọ, Àjàṣẹ́*

Ará ilé mi, ẹ kọ wákàtí sílẹ̀. Ẹdun kan ń gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín iṣẹ́ ilé, mi ò sì lè tà á ní iye tí wọ́n ń ta èyí tó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Mi ò kì í dín in. Àmọ́ mo máa ń gbé ejò kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí mo lè hun ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹni tó bá ní ẹdun wọ́n, ejò ló ń mú lọ ilé. Ìyẹn tìbejì nìkan ló ń dà mí láàmú: wọ́n á ní kí n ta méjì ní iye ọ̀kan, mo sì máa ń tà á.