"Olódo ni mí": kí ni kí n ṣe fọ́mọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní praimárì fáìfù, bí mo bá ti ní kó gbé ìwé máàsì, á ní olódo lòun. Ṣé kí n máa nà án ni? Ìyá Tóbi, Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má nà án! Ohun téèyàn bá gbà pé òun jẹ́ ló máa ń hù níwà. Lọ́dún 1975, olùwádìí kan, Richard Miller, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ l'Amẹ́ríkà ń yin kíláàsì kan pé onímọ̀ọ́tótó ni wọ́n, wọ́n kàn ń wàásù ìmọ́tótó fún kíláàsì kejì, àwọn tí wọ́n yìn ló jáwọ́ nínú dída pàǹtí sílẹ̀ jù, wọ́n dán an wò pẹ̀lú máàsì náà, bákan náà ló rí. Ta tiẹ̀ ló kọ́kọ́ pe ọmọ yìí lólódo? Ó dùn mí gan-an. Tó bá ti gba ẹyọ kan péré, ẹ ní "ìwọ mà mọ máàsì o", kẹ́ ẹ sì bá tíṣà ẹ̀ sọ̀rọ̀.